Ìṣọ́wóná Kì í Ṣe Ahun: Òwe Mẹ́rin fún Onílé

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí ni ìṣọ́wóná, pàápàá fún ẹni tó ní ilé tirẹ̀. Bí òrùlé bá ń jò, ayálégbé lè lọ kan ilẹ̀kùn onílé. Onílé ńkọ́? Ilẹ̀kùn ta ni yóò kàn?

Yorùbá mọ ẹni mẹ́ta nídìí owó. Àpà ni ẹni tó ń ná ìnákúnàá. Ahun ni ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò jẹ́ ná an sí ohun tó yẹ. Láàárín àwọn méjèèjì ni ẹni tó mọ owó ná wà. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, tí owó ọkọ̀ àti owó ọjà sì fò sókè, gbogbo wa ló ń wá bí a ó ṣe jẹ́ ẹnìkẹta yìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ohun tí owó rẹ̀ kéré jù ni kí a máa rà. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ rí, ojú mi sì rí màbo. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí òwe wí.

Òwe kìíní: Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ìtumọ̀: Abẹ́òkúta ni Ṣàpọ́n wà. Òwe náà ń sọ fún wa pé kí a ṣe nǹkan mọ bí agbára wa ti mọ. Eku kékeré kò nílò ìtẹ́ ńlá.

Ìlò: Owó oṣù olùkọ́ ni mo fi kọ́ ilé mi ní Ìbàdàn. Yàrá mẹ́ta ni. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ ilé alájà lọ́dún kan náà pẹ̀lú mi, ṣùgbọ́n igbó ti bo ibi tí wọ́n kọ́ ọ dé. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Èsúsú ni mo fi ra bulọ́ọ̀kù. Ẹ má ṣe pa èsúsú pọ̀ mọ́ àjọ o. Nínú èsúsú, gbogbo ẹgbẹ́ ń dá iye kan náà, ẹnìkan á sì kó gbogbo rẹ̀ nígbà tó bá kàn án. Nínú àjọ, owó tìrẹ gan-an ni alájọ ń bá ọ kó pa mọ́, tí yóò sì yọ owó ọjọ́ kan lóṣù gẹ́gẹ́ bí èrè rẹ̀. Èsúsú yìí kan náà ni àwọn ará Trinidad ń pè ní susu títí di òní.

Òwe kejì: Alágbàtà ló ń sọ ọjà di ọ̀wọ́n.

Ìtumọ̀: Bí ọjà bá ṣe ń ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn ni owó ń gun orí owó.

Ìlò: Ẹ súnmọ́ ibi tí ọjà ti ń wá, kí ẹ sì mọ àsìkò rẹ̀. Ní Ìbàdàn, Bódìjà ni à ń lọ fún oúnjẹ àti pákó. Epo pupa máa ń pọ̀ láàárín oṣù kejì sí ìkarùn-ún. Ìgbà yẹn ni kí ẹ ra kẹ́ẹ̀gì. Bí àpò ẹ̀wà kan bá ju agbára yín lọ, kí ilé mẹ́ta dá a rà, kí wọ́n pín in. Bí ẹ bá sì ń ra kóńgò, ẹ kọ́kọ́ wo ìdí rẹ̀. Àwọn kan máa ń lu ìdí kóńgò wọnú kí ó má baà gba nǹkan púpọ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ìyàwó mi ni ọ̀gá mi nínú ìdúnàádúrà. Yóò kọ́kọ́ béèrè iye owó lórí ìsọ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni yóò kí ọlọ́jà: "Ẹ kú ọjà o, ajé á wọgbá." Kò ní jẹ́ kí ojú rẹ̀ fi hàn pé ó fẹ́ràn ọjà náà. "Èló jálẹ̀?" Ọlọ́jà á ní, "Kò pé owó tí mo rà á, màmá." Yóò rọra máa lọ. Bí ó bá gbọ́ "Ẹ padà wá," a jẹ́ pé owó ti gbà nìyẹn. Ṣùgbọ́n òfin kan wà: bí ẹ bá ti dá iye kan, tí ọlọ́jà sì gbà, ẹ gbọ́dọ̀ san án. Àbùkù ni kí a ná ọjà títí kí a tún sá lọ. Bí ẹ bá ti san owó tán, ẹ lè wá fi ẹ̀rín béèrè èènì.

Òwe kẹta: Ẹni ń wá ìfà ń wá òfò.

Ìtumọ̀: Ẹni tó bá ń wá èrè ọ̀fẹ́ kiri lè kó sínú àdánù.

Ìlò: Èyí ni ọ̀rọ̀ tèmi. Ní ọdún 2009, mo fẹ́ kan òrùlé. Káfíńtà ní kí n ra páànù alumíníọ̀mù tó nípọn tó mílímítà 0.55. Ẹnìkan sọ fún mi pé òun ní irú rẹ̀ ní ẹ̀dínwó ńlá. N kò wọ̀n ọ́n, n kò sì gba rìsíìtì. Inú mi ń dùn pé mo mọ ọjà ná. Ní oṣù kẹrin ọdún 2012, ìjì àkọ́rọ̀ òjò ká ìdajì òrùlé náà lọ. Nígbà tí káfíńtà fi ìwọ̀n wọn èyí tó kù, kò tó 0.4.

Òjò wọ inú yàrá tí mo kó ìwé sí. Ìwé àjákọ mẹ́rìnlá wà níbẹ̀, tí mo ti ń kọ òwe àti àlàyé wọn sí láti ẹnu àwọn àgbà láti ọdún 1985. Mẹ́ta péré ni mo rí gbà là. Mo ra páànù mìíràn, ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó sọ òwe wọ̀nyẹn fún mi ti sùn. Ọ̀dọ̀ ta ni n ó ti tún wọn gbọ́?

Nítorí náà, ẹ dúnàádúrà lórí iye owó, ẹ má ṣe dúnàádúrà lórí bí ọjà ṣe dára tó. Ẹ wọn páànù, ẹ wọn irin, ẹ gba rìsíìtì. Àga, tábìlì àti ilẹ̀kùn tí ẹlòmíràn ti lò, ẹ lè rà wọ́n ní pọ̀ọ́kú bí igi wọn bá le. Ohun tí yóò dá ilé dúró, ẹ má ṣe wá ìfà nídìí rẹ̀.

Òwe kẹrin: Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.

Ìtumọ̀: A sábà máa ń pa òwe yìí fún ìjà àárín ẹbí. Fún onílé, bó ṣe wà gẹ́lẹ́ náà ló rí.

Ìlò: Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ yí ilé po. Ẹ dí ibi tó sán, ẹ kó ewé kúrò nínú ọ̀nà àgbàrá. Ẹ wo iná pẹ̀lú. Gílóòbù àtijọ́ oníwọ́ọ̀tì 60 tí ẹ tàn fún wákàtí 5 lójúmọ́ yóò jẹ yúníìtì 9 ní ọgbọ̀n ọjọ́. LED oníwọ́ọ̀tì 9, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó tìyẹn, kò ní jẹ ju 1.35 lọ. Owó rẹ̀ ga díẹ̀ lọ́jà, ṣùgbọ́n òun gan-an ni ọ̀pọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ ilé lọ́wọ́, ẹ ṣọ́ owó ná, ẹ má sì di ahun sí ilé tí yóò bò yín. Bí àgbà kan bá sì wà nítòsí yín, ẹ ra ìwé àjákọ kan, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀. Kí ẹ tó gbé e pa mọ́, ẹ kọ́kọ́ wo òrùlé.

Ajé á wọlé gbogbo wa o. Àṣẹ.