Ìdánwò Tí A Kì Í Jókòó Ṣe

Ní Kábà ní ilẹ̀ Òkun, ìlú ọba Ọbàrò, ilẹ̀ àwọn Owé, ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ kan wà tí ó ti jẹ́ ti Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria tẹ́lẹ̀, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi ọkọ́ kọ ebè gẹ́gẹ́ bí ó ti ń fi gègé kọ̀wé. Èyí kò ṣàjèjì sí wa, nítorí pé ní Bùnú, ní ilẹ̀ Òkun kan náà, níbi tí a ti ń hun aṣọ pupa tí a fi ń ṣe òkú àwọn ọlọ́lá láyé àtijọ́, aṣọ tí ó ti ọwọ́ ọmọ jáde ni ẹlẹ́rìí rẹ̀, kì í ṣe ẹnu rẹ̀. Ẹnu dùn-ún ròfọ́, agada ọwọ́ dùn-ún ṣánko.

Irú ẹ̀rí ọwọ́ bẹ́ẹ̀ náà ni a ń wá lọ́dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì: ní 1973 ni àjọ ITF (Industrial Training Fund), tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1971, bẹ̀rẹ̀ ètò SIWES, tí ó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lọ sí ibi iṣẹ́ gan-an fún oṣù mẹ́fà. Lójoojúmọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ ohun tí ó ṣe sínú ìwé àkọsílẹ̀, tí ọ̀gá ibi iṣẹ́ yóò buwọ́ lù ú, tí olùkọ́ yóò sì wá bẹ̀ ẹ́ wò, kí ó tó gba máàkì. Ibẹ̀ ni ó ti ń kọ́ bí a ti ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, àti bí a ti ń jẹ́wọ́ àṣìṣe kí ó tó ba iṣẹ́ jẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé tí a fi òru kan ṣoṣo kọ kún, ẹ̀tàn pátápátá ni!

Ẹ̀yin olóko àti oníléeṣẹ́ ilẹ̀ Òkun, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá mú lẹ́tà SIWES dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ má ṣe sọ ọ́ di ẹni tí a ń rán lọ ra omi. Ẹ fi iṣẹ́ gidi lé e lọ́wọ́.