Ta Ló Ń Bọ̀? Bí A Ṣe Ń Ṣètò Oúnjẹ Alẹ́ fún Àlejò

 

Nílé oúnjẹ wa níbí, a kì í yan ohun tí a máa jẹ. Ìwé ti wà lára ògiri. Tó bá ní ẹ̀wà ni, ẹ̀wà náà ni, kálukú á gbé abọ́ rẹ̀ wá. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni kéèyàn jókòó ṣètò oúnjẹ, àfi ìgbà tí mo lọ sílé fún ìsinmi Kérésìmesì.

Ilé wa wà ní Jos. Bàbá wa àgbà wá kí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Dádì sì ní àwọn fẹ́ pe àlejò díẹ̀ wá jẹun alẹ́ nítorí wọn. Mọ́mì gbé bírò fún mi, wọ́n ní, "Ìwọ lo máa ṣètò oúnjẹ. Kọ ohun tí a máa sè."

Inú mi dùn gan-an! Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí mo fi kọ ọ́ tán: ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, ìrẹsì díndín, iyán, dòdò, pòtétò díndín, àsáró, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, súyà àti mínírà. Irú wá, ògìrì wá. Mọ́mì kà á, wọn ò bínú. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "Ta ló ń bọ̀?"

Mi ò mọ̀. Ohun tó wù mí jẹ ni mo kọ.

Béèrè èèwọ̀ kí o tó dáná

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Mọ́mì ní kí n kọ orúkọ gbogbo ẹni tó máa jẹun, kí n sì kọ èèwọ̀ kálukú sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará àtijọ́ nìkan ni èèwọ̀, bíi ti àwọn olórìṣà Ọbàtálá tí kì í mu ẹmu. Mo wá rí i pé ọ̀nà mẹ́ta ni èèwọ̀ oúnjẹ pín sí.

Èkíní ni èèwọ̀ ìdílé àti ti ẹ̀sìn. Mùsùlùmí ni Hajiya, aládùúgbò wa. Wọn kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, wọn kì í mu ọtí, ẹran tí wọ́n bá sì máa jẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n pa ní ìlànà ẹ̀sìn wọn. Nítorí náà, ààyè adìẹ la rà, ọmọ Hajiya ọkùnrin ló bá wa dúńbú wọn.

Èkejì ni èèwọ̀ tí dókítà fún èèyàn. Bàbá àgbà ní àtọ̀gbẹ. Èmi rò pé ṣúgà nìkan ni wọn ò gbọdọ̀ jẹ. Mọ́mì ní rárá o, pé ìrẹsì, iyán, àmàlà àti ẹ̀bà, tó bá ti dénú, ṣúgà ló ń dà nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀wà náà ní tiẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣe é. Ìwọ̀n ló ṣe pàtàkì: òkèlè kékeré, ẹ̀fọ́ púpọ̀.

Ẹ̀kẹta ni èèwọ̀ ara. Ọ̀rẹ́ Dádì níbi iṣẹ́, ìyàwó wọn àti ọmọ wọn ọlọ́dún mẹ́fà náà ń bọ̀. Mọ́mì pe ìyàwó wọn lórí fóònù, ibẹ̀ la ti gbọ́ pé ara ọmọ náà kọ edé. Ìgbà tó jẹ ẹ́ kẹ́yìn, ètè rẹ̀ wú, kò lè mí dáadáa mọ́, wọ́n sáré gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ wá wo ìwé tí mo kọ: edé lílọ̀ la máa ń fi sí ọbẹ̀ ẹ̀gúsí nílé wa! Ẹ̀rù bà mí. Edé lílọ̀ kì í hàn nínú ọbẹ̀.

A yọ edé kúrò nínú gbogbo ìkòkò, kì í ṣe ìkòkò kan, torí ṣíbí lè ti inú ọbẹ̀ kan bọ́ sínú òmíràn. Mọ́mì tún ní kí n ka ara páálí mágí, torí òmíràn wà tí wọ́n fi edé sí. Irú la fi rọ́pò rẹ̀, adùn ọbẹ̀ ò sì dín.

Wo iná tí o ní

Gáàsì olójú méjì la ní. Nínú ohun tí mo kọ, bíi mẹ́fà ló yẹ kó gbóná lẹ́ẹ̀kan náà. Ta ló sì máa gún iyán nígbà tí àlejò ti jókòó? Ẹ̀kọ́ Home Economics náà dá mi lẹ́bi: ìrẹsì, iyán, dòdò, pòtétò, àsáró, afúnnilókun ni gbogbo wọn. Amúaradàgbà ò tó nǹkan, ewébẹ̀ ò sì sí rárá.

Ohun tí a wá sè nìyí: mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́wé tó ní ẹyin nínú, ẹ̀fọ́ rírò onírú, ọbẹ̀ ata aládìẹ, ìrẹsì funfun níwọ̀nba, dòdò abọ́ kan, àti sóbò tí a ò fi ṣúgà sí. Ṣúgà wà lọ́tọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́. Gbogbo wa la jọ jẹ mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀fọ́ tí Bàbá àgbà jẹ. Wọn kì í fẹ́ kí wọ́n gbé abọ́ aláìsàn síwájú àwọn láàárín èèyàn.

Ka aago padà sẹ́yìn

Aago méje alẹ́ la fẹ́ jẹun. Mọ́ínmọ́ín máa lo bíi wákàtí kan lórí iná, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ dórí iná ní aago márùn-ún ààbọ̀. A jẹ́ pé ká pọ́n ọn láti aago mẹ́rin ààbọ̀, ká ti lọ ẹ̀wà kó tó di aago mẹ́ta. Ọbẹ̀ ata, alẹ́ àná la ti sè é. Ẹ̀fọ́, aago mẹ́fà. Dòdò ló kẹ́yìn.

Lọ́jọ́ náà, iná lọ ní aago méjì, a ò tíì lọ ẹ̀wà. Torí pé àyè ṣì wà, mo gbé e lọ síbi ẹ̀rọ ìlọta. Ká ní aago márùn-ún ni, ẹ̀wà sísè la ò bá fi ṣàlejò!

Èmi náà ṣe àṣìṣe kan. Èèyàn mẹ́sàn-án ni mo kà, mo ní ká pọ́n mọ́ínmọ́ín méjì méjì fún kálukú. Hajiya wá mú ọmọ méjì dání. Bí àwa mẹ́rin tí a nílé ṣe jẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Tí ẹ bá ka èèyàn tán, ẹ fi ti ẹni méjì kún un.

Nígbà tí ìyàwó ọ̀rẹ́ Dádì dé, wọ́n gbé kúlà kékeré kan dání. Wọ́n ti se oúnjẹ ọmọ wọn wá látilé, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàbọ̀, mà. Kò sí edé nínú ìkankan." Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n bi Mọ́mì kí wọ́n tó gbà. Ni wọ́n bá ti kúlà náà sábẹ́ àga. Ọmọ náà jẹ mọ́ínmọ́ín méjèèjì, ó tún ń wo tèmi.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, Alẹ́ Àṣà wa ń bọ̀ ní ìparí táàmù yìí. Mo ti rí ìwé oúnjẹ tí ìgbìmọ̀ kọ. Ó dára, ṣùgbọ́n wọn ò tíì bi ẹnikẹ́ni ní èèwọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wa ni Yorùbá, ẹ̀sìn wa ò pa pọ̀, mo sì mọ ẹnì kan ní yàrá wa tí kì í jẹ ẹ̀pà, tó máa ń dákẹ́ tí wọ́n bá ń pín kúlíkúlì. Ẹ jọ̀ọ́, kí akọ̀wé gbé ìwé kan yí kíláàsì ká lọ́sẹ̀ yìí, kí kálukú kọ tiẹ̀ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ká wá sọ ohun tí a máa sè.