Ilé Bàbá Àgbà Mi ní Ìlaròó

Amọ̀ ni ògiri ilé bàbá àgbà mi tí mò ń gbé ní Ìlaròó, páànù tó ti dípẹtà ni òrùlé rẹ̀, igi ìrókò sì ni ilẹ̀kùn rẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kí a wó o, kí a fi ilẹ̀ rẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù. N kò dá wọn lẹ́bi. Ṣọ́ọ̀bù a máa mú owó wá, ilé àtijọ́ a máa jẹ owó.

Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á jẹ́. Mo ní kí bíríkìlà fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri. Òjò gba ibi tó sán wọlé, omi kò rí ọ̀nà jáde mọ́, amọ̀ inú sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. A ní láti ha sìmẹ́ǹtì náà kúrò, kí a tún fi amọ̀ rẹ́ ẹ, nítorí ògiri amọ̀ ń mí.

Ní ọdún 2016, wọ́n wó Ilojo Bar ní Èkó, ilé Àgùdà tí wọ́n kọ́ ní 1855, tí ìjọba sì ti sọ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Bí òfin kò bá gba ìyẹn là, ta ni yóò gba tiwa?

Àwọn ẹ̀gbọ́n mi fún mi di òpin ẹ̀ẹ̀rùn. Ògiri yàrá iwájú, níbi tí àpótí aṣọ ìyá àgbà wà, ni mò ń rẹ́ lọ́wọ́.