Ọdẹ àti Obìnrin tí Ń Mùjẹ̀

Iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ mi kan kọ ni ó fa ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ìbafò ni ọmọbìnrin náà ń gbé. Ìtàn rẹ̀ dá lórí ọdẹ kan tí ń ṣọ́ àdúgbò lóru ní Mowé. Mùjẹ̀mùjẹ̀ kan ti pa àbúrò ọdẹ yìí níṣojú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni kò ti lè sùn mọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n lórí ìbọn. Nínú ilé kan tí wọn kò kọ́ parí, lẹ́bàá títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ni ó ti pàdé obìnrin kan tí ó ti kú, tí ó sì ń jí lóru láti mu ẹ̀jẹ̀ alààyè. Ọdẹ kò yìnbọn. Ìfẹ́ obìnrin náà ni ó kó sí i lọ́kàn.

Mo kọ́kọ́ bínú sí iṣẹ́ náà. Mo ní ẹrù òyìnbó ni ọmọ yìí rù wọlé, a kúkú mọ ibi tí ó ti rà á. Sheridan Le Fanu, ọmọ Ireland, gbé Carmilla jáde ní 1872. Níbẹ̀ ni ẹni tí ń mùjẹ̀ ti fẹ́ràn ọmọbìnrin tí ó ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gan-an. Ọmọ Ireland mìíràn, Bram Stoker, tẹ Dracula jáde ní 1897, ó sì sọ ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí ń jẹ́ Van Helsing di ọdẹ tí ń dọdẹ òkú. Nígbà tí Stephenie Meyer ará Amẹ́ríkà yóò fi gbé Twilight jáde ní 2005, ẹ̀dá náà ti di àfẹ́sọ́nà pátápátá. Mo bi ọmọ náà bóyá kò mọ̀ pé irú ìtàn yìí wà nílé.

Ó wà nílé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú tí a fi ń wò ó yàtọ̀. Àlejò ni Dracula. Ọkọ̀ ojú omi ni ó wọ̀ dé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àjẹ́, ẹni tí àwa gbà pé ó ń mùjẹ̀, kì í ṣe òkú, kì í sì í ṣe àlejò. Ó sùn sórí ẹní rẹ̀, ẹyẹ rẹ̀ ni ó jáde lóru. Ó lè jẹ́ ìyá, ó lè jẹ́ orogún, ó lè jẹ́ ìyàwó ẹni. Ọdẹ tí ó bá fẹ́ dọdẹ rẹ̀, inú ilé ara rẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìwé D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, èyí tí ó jáde ní 1938: Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni Àkàrà-ògùn ti sọ fún wa pé ọdẹ àti olóògùn ni bàbá òun, àjẹ́ sì ni ìyá òun. Obìnrin náà pa ènìyàn nínú ilé ọkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ kan ọdẹ yìnbọn fún ẹran ìgbẹ́ kan, ó ń tọ ipasẹ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ. Ẹ̀jẹ̀ náà mú un kúrò nínú igbó, ó mú un wọ ilé, ó mú un dé ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀. Ó bá a tí apá kan ara rẹ̀ jẹ́ ènìyàn, tí apá kan sì jẹ́ ẹranko. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ọkọ pẹ̀lú fi kú. Fágúnwà yára kọjá níbẹ̀, nítorí ìrìn àjò ọmọ ni ó ń lé lọ. Èmi kì í lè yára kọjá.

Ìtàn ẹfọ̀n tí ó bọ́ awọ sílẹ̀ tí ó di arẹwà, èyí tí wọ́n máa ń sọ mọ́ Ọya, ẹ ti mọ̀ ọ́n: ọdẹ gbé awọ pamọ́, ó fẹ́ obìnrin náà, ọtí ni ó sì tú àṣírí. Ìdílé méjèèjì ni àṣírí gbé ró, tí ó sì wó wọn.

Ọgbẹ́ ọkàn ọdẹ kì í ṣe ohun tuntun sí wa. Bí ọdẹ bá pa ẹfọ̀n tàbí ẹkùn, ètùtù wà tí a ó ṣe kí ẹ̀mí ẹran náà má baà dà á láàmú. Bí ọdẹ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò ṣe ìṣípà fún un, wọn yóò sì sun ìrèmọ̀jé. Bádé Ajùwọ̀n kọ ìwé lórí rẹ̀ ní 1982. Níbẹ̀ ni ọkùnrin tí kì í sunkún lójú ayé ti ń sunkún. Ṣùgbọ́n n kò mọ ìrèmọ̀jé kan tí a sun fún ìyàwó tí ọdẹ fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa. Bóyá ìdí nìyí tí bàbá Àkàrà-ògùn kò fi pẹ́ láyé.

Mo rò pé mo ti fi èyí pa ọmọ náà lẹ́nu mọ́. Ó gbọ́ mi tán, ó wá ní: “Bàbá, ta ni ó gbọ́ tẹnu ìyá Àkàrà-ògùn?”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò ní èsì. Ọmọ ni ó sọ ìtàn náà, ẹlòmíràn sì kọ ọ́ sílẹ̀ látẹnu rẹ̀. Obìnrin náà kò fi ẹnu ara rẹ̀ ro ẹjọ́.

Ìbéèrè náà wúwo ju ọ̀rọ̀ ìwé lọ. Ifọ̀ kò jìnnà sí ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, tí à ń pè ní Yewa lónìí. Ní 1950 sí 1951, àwọn Alátíńgà gba Dahomey, tí í ṣe Benin òde òní, wọ ilẹ̀ náà. Wọ́n ń jó, wọ́n ń gùn, wọ́n sì ń nàka sí àwọn obìnrin, pàápàá àwọn àgbàlagbà, pé àjẹ́ ni wọ́n. Ẹni tí ó bá sẹ́, wọn yóò pa adìyẹ. Bí adìyẹ náà bá ṣe ṣubú kú ni wọn yóò fi dá a lẹ́jọ́. Ẹni tí ó bá jẹ́wọ́ yóò san owó. Wọ́n wó ojúbọ òrìṣà, wọ́n gé igi àìgbọdọ̀gé, kí ìjọba tó fòfin dè wọ́n ní 1951. Ìyàwó àti ìyá ẹni ni àwọn obìnrin wọ̀nyẹn. Àwọn ọkọ kan wà nínú àwọn tí ń wòran. Peter Morton-Williams kọ nípa rẹ̀ ní 1956, Andrew Apter sì tún un gbé yẹ̀ wò ní 1993. Bẹ́ẹ̀, ní ilẹ̀ Yewa yìí kan náà, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń jó láti yẹ́ àwọn ìyá wa sí, láti fi ijó àti ẹ̀fẹ̀ tù wọ́n lójú. Agbára kan náà ni; ẹnìkan ń dọdẹ rẹ̀, ẹnìkan ń kúnlẹ̀ fún un.

Mo padà ka iṣẹ́ ọmọ náà. Láti ìgbà tí títì márosẹ̀ ti là ní 1978 ni ilé ti ń lé igbó sẹ́yìn ní Mowé àti Ìbafò, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ń fọn fèrè lóru lẹ́nu géètì ni a ń pè ní ọdẹ níbẹ̀ báyìí. Òun àti àjẹ́ nìkan ni kò sùn. Mo wá rí i pé ọmọ náà kò ṣi ibi gbé ìtàn rẹ̀ sí. Ohun tí ọdẹ rẹ̀ ṣe tí bàbá Àkàrà-ògùn kò ṣe ni pé ó gbé ìbọn sílẹ̀, ó sì bi obìnrin náà pé ta ni ó sọ ọ́ di báyìí.

Mo ní kí ó tún un kọ, kí ó yọ òkú òyìnbó kúrò, kí ó fi ẹyẹ sí i. Ó gbà láti fi ẹyẹ sí i. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ni ó mú ìdajì rẹ̀ wá. Obìnrin náà ni ó ń sọ̀tàn báyìí, láti orí ẹní rẹ̀, pẹ̀lú ọta ìbọn lára. Ó sì ń gbọ́ ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ tí ń tọ ẹ̀jẹ̀ bọ̀ nílé.