Òwò Ògì àti Sóyà Nínú Ilé: Èrè fún Ìyá, Ìlera fún Ọmọ

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá, àti gbogbo ará ilé, owó tí ó bá wọlé fún ìyá kì í pẹ́ dé ẹnu ọmọ. Òun ni a fi ń ra ẹyin àti ẹja. Òun náà ni a fi ń wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn nígbà tí ara ọmọ bá gbóná lóru. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa òwò kékeré kan tí ìyá lè ṣe láìfi ọmọ sílẹ̀: òwò ògì àti ìyẹ̀fun sóyà.

Ìdí tí a fi so méjèèjì pọ̀

Láti ìran dé ìran ni a ti ń fi ògì tọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń sẹ́ ẹ, púpọ̀ nínú èròjà tí ń mú ara dàgbà a máa bá èérí lọ. Ọmọ tí ó ń mu ẹ̀kọ nìkan lè yó, síbẹ̀ kí ó má dàgbà bí ó ti yẹ. Ní ti sóyà, bí a bá pín in sí ọ̀nà 100, nǹkan bí 40 ni èròjà amáradàgbà yìí, ó sì ju ti ẹ̀wà lọ. Àwọn onímọ̀ FIIRO ní Òṣòdì, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1956, ti po ògì mọ́ sóyà fún oúnjẹ ọmọdé.

Bí a ṣe ń ṣe é

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ má ṣe yá owó elé. Kóńgò àgbàdo mẹ́ta àti kóńgò sóyà kan tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ṣa àgbàdo náà dáadáa. Ẹ da èyí tí ó ti bu nù, nítorí oró inú rẹ̀ a máa ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, sísè kò sì lè pa oró náà tán. Ẹ rẹ ìyókù sínú omi mímọ́ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, kí ẹ máa pààrọ̀ omi rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ẹ bá gbé e dé ibi ẹ̀rọ ìlọta, ẹ rí i pé wọ́n ti fọ ata kúrò nínú ẹ̀rọ náà. Lẹ́yìn tí ẹ bá sẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kí ó silẹ̀, kí ẹ dé e, kí ẹ sì máa pààrọ̀ omi orí rẹ̀.

Ẹ tú sóyà sínú omi tí ó ń hó, kí ó sì hó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ má ṣe fo èyí, nítorí sóyà tútù a máa dí ara lọ́wọ́ láti lo oúnjẹ. Ẹ bó èèpo rẹ̀, ẹ sá a sórí tábìlì, kí ẹ fi àwọ̀n bò ó. Bí ó bá gbẹ, ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ sì jọ̀ ọ́. Ẹ sọ fún oníbàárà kí ó po ṣíbí ìyẹ̀fun kan mọ́ ṣíbí ògì mẹ́ta, kí ó sì sè é jinná.

Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run

Ọmọ ẹlòmíràn ni yóò jẹ ohun tí ẹ ń tà. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan ògì, pàápàá lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe ìgbẹ́ tàbí tí ẹ nu ìdí ọmọ. Ẹni tí ó ń ṣu omi kò gbọdọ̀ sẹ́ ògì. Ẹ má ṣe ta á fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà: ọmú ìyá nìkan tó fún un.

Ìṣirò owó

Ẹ ka owó àgbàdo, sóyà, omi, ohun ìdáná, ẹ̀rọ, ọ̀rá àti ọkọ̀ pọ̀. Fún àpẹẹrẹ, bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ ₦10,000, tí ọjà náà sì pé ìdì 40, ìdì kan ti ná yín ní ₦250. Ẹni tí ó bá tà á ní ₦250 ti fi agbára rẹ̀ tọrẹ. Bí ẹ bá tà á ní ₦320, èrè rẹ̀ jẹ́ ₦2,800. Ẹ ya owó òwò sọ́tọ̀ kúrò lára owó ọbẹ̀, kí ẹ kọ àwìn sínú ìwé, kí ẹ sì fi díẹ̀ nínú èrè dá àjọ.

Bí òwò bá gbòòrò, tí ẹ fẹ́ máa di ìyẹ̀fun sínú àpò tí ó ní orúkọ yín, ẹ kọ́kọ́ lọ bá àjọ NAFDAC fún ìforúkọsílẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ bá wọn pọn omi, kí ẹ má sì sọ owó òwò ìyá di owó ìnáwó yín. Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbé ọmọ yín lọ sí ilé ìlera fún ìwọ̀n ní oṣooṣù. Níbẹ̀ ni ẹ óo ti mọ̀ bí oúnjẹ inú ilé bá ń ṣe é ní àǹfààní.