Ìṣàfarawé Mólékù Lórí Kọ̀ǹpútà Àgbà: Bí Olùwádìí Ṣe Lè Ṣọ́ Wákàtí Ná

Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Kẹ́mísírì ti Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ibi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà wá oògùn tuntun ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wíwo bí mólékù oògùn ṣe lè wọ inú puróténì àrùn, kọ̀ǹpútà àgbélétan sì tó láti ṣe é. Àmọ́ àwòrán tó dúró sójú kan ni èsì rẹ̀. Puróténì gidi kì í dúró; ó ń gbọ̀n, ó ń yíra padà, omi sì yí i ká. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn náà yóò dì mọ́ ọn tàbí yóò já bọ́ gbọ́dọ̀ ṣàfarawé ìrìn gbogbo átọ́ọ̀mù ibẹ̀.

Ibí yìí ni iṣẹ́ ti ń wúwo. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan kì í sábà ju femtosecond 2 lọ. Ìgbésẹ̀ 500,000 ni yóò sì mú nanosecond 1 péré wá. Ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà yóò tún agbára tó wà láàárín àwọn átọ́ọ̀mù ṣírò, wọ́n sì lè ju 50,000 lọ.

Ìdí nìyí tí àwọn olùwádìí láti Nàìjíríà fi ń tọrọ ààyè lórí Lengau, kọ̀ǹpútà àgbà tí wọ́n ṣí ní Gúúsù Áfíríkà ní 2016. Orúkọ ẹranko tó ń sáré jù lọ lórí ilẹ̀ ni wọ́n fi pè é ní èdè Setswana. Ẹ̀rọ 1,368 ni wọ́n so pọ̀ níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ọpọlọ ìṣirò 24.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé bí ẹ̀rọ bá ṣe pọ̀ tó ni iṣẹ́ yóò ṣe yá tó. Bí ọ̀wẹ̀ oko ni ọ̀rọ̀ náà rí. Ènìyàn mẹ́wàá lórí oko ńlá, iṣẹ́ yá; ogójì ènìyàn lórí ebè díẹ̀, ọkọ́ á máa kan ọkọ́. Ètò GROMACS máa ń pín àpótí omi àti puróténì sí wẹ́wẹ́, ọpọlọ kọ̀ọ̀kan á mú tirẹ̀. Ṣùgbọ́n átọ́ọ̀mù ń kọjá ààlà, aládùúgbò sì gbọ́dọ̀ máa ránṣẹ́ síra wọn. Bí ìpín bá ti kéré jù, ìránṣẹ́ á gba àkókò ju ìṣirò lọ. Gene Amdahl ti tọ́ka láti 1967 pé apá iṣẹ́ tí kò ṣeé pín ló ń pààlà sí eré.

Ká ní ẹ̀rọ 1 ń ṣe nanosecond 20 lóòjọ́, ẹ̀rọ 2 ń ṣe 36, ẹ̀rọ 4 ń ṣe 56, ẹ̀rọ 8 ń ṣe 60. Ẹni tó gba ẹ̀rọ 8 ti ná wákàtí ní ìlọ́po méjì nítorí nanosecond 4. Ì bá kúkú pín in sí iṣẹ́ méjì, ẹ̀rọ 4 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó kó 112 lóòjọ́. Àfarawé méjì sì ṣeé gbára lé ju ẹyọ kan lọ. Ìdánwò ránpẹ́ bí irú èyí kò gbà ju wákàtí díẹ̀ lọ, òun ló sì yẹ kó ṣáájú iṣẹ́ gidi.

Bí iná bá lọ ní Samaru, iṣẹ́ tó ti wọlé sí Lengau kò ní dúró. Ohun tó lè dá a dúró ni gbèdéke àkókò tí wọ́n fún un. GROMACS máa ń fi ibi tí iṣẹ́ dé pamọ́ ní ìṣẹ́jú 15-15, láti ibẹ̀ ni wọ́n á ti tẹ̀ síwájú. Ìnáwó tí ọ̀pọ̀ kì í kà sí ni ti fáìlì: kí wọ́n yọ omi kúrò, kí wọ́n ṣe ìtúpalẹ̀ lọ́hùn-ún, kí ó jẹ́ èsì nìkan ni dátà Zaria yóò gbé wálé.