Aṣọ Fífọ̀, Oúnjẹ àti Ìwé Kíkà

Ẹ̀yin ará wa ní Lánlátẹ̀ àti ní gbogbo ilẹ̀ Ìbàràpá, ọ̀rọ̀ ilé ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Àwọn àgbà kò jẹ́ gbàgbé ìyà tí sòbìà fi jẹ àgbẹ̀ ní ilẹ̀ yìí. Inú omi mímu ni ó ń gbà wọ ara. Bí ẹni tí ó ní egbò rẹ̀ bá sì ki ẹsẹ̀ bọ odò, ó ti fún irúgbìn rẹ̀ sómi. Omi sísẹ́ àti ìkìlọ̀ ni a fi ṣẹ́gun rẹ̀, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kéde ní 2013 pé Nàìjíríà ti bọ́.

Sòbìà lọ, ṣùgbọ́n onígbáméjì kò tí ì lọ. Ẹ pọn omi, kí ẹ fọ aṣọ jìnnà sí odò. Ẹ se omi mímu kí ó hó. Ẹ fi ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà kún àmàlà láfún, nítorí ẹ̀gẹ́ nìkan kì í mú ara ọmọ le. Bí aṣọ bá ń gbẹ lórí okùn, kí ọmọ kan máa ka Ògbójú Ọdẹ tí Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938 sétí ilé. Ọmọ tí ìwé bá dùn mọ́, a ka ìkìlọ̀ onímọ̀ ìlera láìjẹ́ pé a fi ẹgba lé e.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.